Ìdẹ tí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ ń wo òkè: bí a ṣe ń dì í, àti ìdí tí kì í fi í tètè há

Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ pẹja rí létí odò Okpara tàbí ní Ouémé mọ ìyà yìí dáadáa. Ẹja ńlá kì í gbé ní gbangba. Abẹ́ kùkùté ló wà, láàárín gbòǹgbò igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, níbi tí ẹja wẹ́wẹ́ ń sá sí. Bí a bá ju ìwọ̀ síbẹ̀, ìwọ̀ á há. A ó fà á, okùn á já, ìwọ̀ á ṣòfò. Bí a kò bá sì jù ú síbẹ̀, a ò ní rí ẹja mú. Ẹni tó mú ìwọ̀ mẹ́wàá jáde nílé láàárọ̀ lè mú mẹ́ta péré padà wálé lọ́sàn-án, kí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo.

Lónìí, a fẹ́ ṣàlàyé ìdẹ kan tí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ṣe nítorí irú odò bẹ́ẹ̀ gan-an. Irun, òwú àti òjé díẹ̀ ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀. Kò sí ekòló níbẹ̀, kò sí ẹran, kò sí ẹja tútù. Ẹ̀tàn lásán ni. Síbẹ̀ ó ti mú ọ̀pọ̀ ẹja káàkiri ayé, ìwọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè há. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá ti mọ ọgbọ́n yẹn lè fi irun ewúrẹ́ ilé rẹ̀ ṣe é.

Mouche tí kì í ṣe eṣinṣin

Ní èdè Faransé, wọ́n ń pe irú ìdẹ yìí ní mouche, ìyẹn eṣinṣin. Ohun tó fa orúkọ náà ni pé láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré kí ó lè jọ kòkòrò tó bà lé omi. Ẹja tí wọ́n ń pè ní truite ni wọ́n ń fi í tàn jẹ. Omi tútù ni truite fẹ́ràn. Bí omi bá ti ń móoru ju bó ṣe yẹ lọ, ara kì í rọ̀ ọ́ mọ́, nítorí pé omi tó móoru kì í gba afẹ́fẹ́ tó bí omi tútù ti í gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹja mìíràn wà tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá lára mu. Nígbà tí àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ẹja wọ̀nyẹn, wọ́n rí i pé kòkòrò nìkan kò tó wọn jẹ. Ẹja ẹgbẹ́ wọn tó kéré ni wọ́n ń lé kiri. Bí ìdẹ tí wọ́n ń dì ṣe di ohun tó jọ ẹja wẹ́wẹ́ nìyẹn, tí orúkọ eṣinṣin sì ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní. Tiwa náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni gbogbo odò wa, àbí?

Ọkùnrin létí odò Susquehanna

Bob Clouser ni orúkọ ẹni tó ṣe èyí tí a ń sọ. Ìlú Middletown ló wà, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ó ní ilé ìtajà ohun èlò ìpẹja, ó sì máa ń mú àwọn àlejò lọ pẹja lórí odò Susquehanna. Odò náà fẹ̀ gan-an, kò jìn púpọ̀, àpáta sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní black-bass à petite bouche. Àwọn ará Québec ní Kánádà ń pè é ní achigan. Ẹja wẹ́wẹ́ àti edé odò ni oúnjẹ rẹ̀, ìsàlẹ̀ láàárín àpáta ló sì ti ń wá wọn.

Ẹ rí i pé ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Ìdẹ tó fúyẹ́ kò ní dé ìsàlẹ̀. Èyí tó wúwo á dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á há sí àpáta.

Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Clouser bẹ̀rẹ̀ sí í lo òjé kékeré tí wọ́n dà bíi kókó méjì tí ọ̀pá kúkúrú so pọ̀. Ó dì í mọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀ bí ẹyinjú ẹja. Lefty Kreh, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú irú ìpẹja yìí, tó sì kú ní ọdún 2018, ló sọ ìdẹ náà ní Clouser Deep Minnow. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹja wẹ́wẹ́ Clouser tí ń lọ sísàlẹ̀ omi. Kreh máa ń sọ pé òun ti fi í mú oríṣi ẹja tó ju 80 lọ, nínú omi odò àti nínú omi òkun. Ní Áfíríkà, àwọn tó ń wá ẹja eléyín mímú ní odò Zambezi náà ń lò ó.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo

Ẹ mú ìwọ̀ kan lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Ó ní ihò tí okùn ń gbà kọjá, ó ní ọ̀pá gbọọrọ, ó ní ibi tó ti tẹ̀, ó sì ní ẹnu tó mú. Bí a bá sọ ọ́ sínú omi bẹ́ẹ̀, ibi tó tẹ̀ ló wúwo jù. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa ń wò, tí á sì máa ha gbogbo ohun tó bá bá pàdé.

Wàyí o, bí a bá di ohun wúwo mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá, ní òdìkejì ẹnu ìwọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ohun tó wúwo a máa wá ìsàlẹ̀. Òjé yóò yí ìwọ̀ náà po: ẹ̀yìn á di ìsàlẹ̀, ẹnu á sì máa wo òkè. Bí ìdẹ bá ń rìn lórí àpáta àti gbòǹgbò, òjé ló máa ń fara kan wọn, kì í ṣe ẹnu ìwọ̀. Irun tó bo ẹnu náà tún ń dáàbò bò ó.

Èrè kejì tún wà. Nítorí pé òjé wà nítòsí orí, bí a bá fa okùn, ìdẹ á gòkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, orí á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, bí ẹja wẹ́wẹ́ tó fara pa tí kò lè sá mọ́. Ẹja ńlá kì í fẹ́ kí irú oúnjẹ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lójú òun.

Ohun tí a nílò

Ìwọ̀: kí ọ̀pá rẹ̀ gùn díẹ̀, bíi sàǹtímítà méjì sí mẹ́ta.

Òwú: òwú aránṣọ tó lágbára. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á wò kí ẹ tó lò ó.

Ẹyinjú: àwọn òyìnbó ń ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Tiwa, ẹ lè wá ẹ̀wọ̀n kékeré olókùúta irin róbótó róbótó, irú èyí tí wọ́n fi ń so kọ́kọ́rọ́. Ẹ gé kókó méjì tó ṣì so pọ̀ lára rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ìwọ̀ kékeré ló bá mu. Fún ìwọ̀ tó tóbi, ẹ mú òjé kéékèèké méjì tó lanu, èyí tí àwọn apẹja ń fún mọ́ okùn, kí ẹ fún wọn mọ́ orí wáyà kúkúrú kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí gbogbo rẹ̀ wọn bíi gíráàmù kan.

Irun: irun ìrù àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn ni Clouser lò. Irun ewúrẹ́ tó gùn tàbí irun ìrù ọmọ màlúù á ṣiṣẹ́ náà. Ẹ wá funfun díẹ̀ àti dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú díẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ.

Ohun dídán: ẹ rẹ́ ọ̀rá dídán tí wọ́n fi ń di bisikíìtì sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Ìkẹyìn ni ẹ̀mú tó lè di ìwọ̀ mú gírígírí, sáàsì tó mú, àti vernis tí àwọn obìnrin ń fi kun èékánná. Ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún yín ní ìkán díẹ̀.

Bí a ṣe ń dì í

Èkíní. Ẹ fi ẹ̀mú di ìwọ̀ mú níbi tó ti tẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wo ilẹ̀, kí ọ̀pá rẹ̀ sì wà lókè. Ẹ wé òwú mọ́ ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn ihò títí dé ìdajì rẹ̀. Òwú yìí ni ìpìlẹ̀. Bí kò bá sí, gbogbo ohun tí ẹ bá dì lé e á máa yọ̀ kiri.

Èkejì. Ẹ fi ojú pín ọ̀pá sí ọ̀nà mẹ́ta. Níbi tí ìdá kìíní ti parí, láti ọ̀dọ̀ ihò, ibẹ̀ ni kí ẹyinjú jókòó sí, lórí ọ̀pá, ní ìbú. Ẹ wé òwú kọjá lára rẹ̀ ní ìdábùú, láti iwájú ọwọ́ òsì sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, nígbà mẹ́wàá. Kí ẹ tún ṣe é láti apá kejì, nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ wé òwú yí ìdí ẹyinjú po, láàárín òun àti ọ̀pá, kí ìdè náà fún pinpin. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹyinjú wò. Bí ó bá ṣì ń mì, ẹ tún un wé. Ẹ kán vernis sí i.

Ẹ̀kẹta. Ẹ gé irun funfun díẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka fún un pọ̀, kó má nípọn ju igi ìṣáná lọ. Kí gígùn rẹ̀ tó ọ̀pá ìwọ̀ lọ́nà méjì ààbọ̀. Ẹ di ìdí irun náà mọ́ àárín ihò àti ẹyinjú, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ihò. Ẹ fà á gba àárín ẹyinjú méjèèjì lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì tún fi òwú dì í mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn ẹyinjú. Ẹ má ṣe dì í dé ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. Funfun yìí ni yóò di ikùn ẹja.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ yọ ìwọ̀ kúrò, kí ẹ yí i padà nínú ẹ̀mú, kí ẹnu rẹ̀ wo òkè. Bí yóò ṣe wà nínú omi nìyí. Ẹ di okùn dídán mẹ́fà sí mẹ́jọ mọ́ iwájú ẹyinjú. Ẹ di irun dúdú lé e, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti funfun. Èyí, ẹ má dì í mọ́ ẹ̀yìn ẹyinjú rárá. Ẹ jẹ́ kó na ara rẹ̀ lọ, kí ẹnu ìwọ̀ wà láàárín irun. Dúdú ni ẹ̀yìn ẹja. Ẹ wo ẹja tòótọ́, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúdú ju ikùn lọ?

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ wé òwú sí iwájú ẹyinjú títí yóò fi ṣe orí tó rẹwà, tó sọ̀ sí ọ̀dọ̀ ihò. Ẹ ta kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gé òwú, kí ẹ sì kùn ún ní vernis lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ. Ẹ da omi sínú igbá tó jìn, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kó rì. Bí orí rẹ̀ bá ṣíwájú lọ sísàlẹ̀, tí ẹnu ìwọ̀ sì ń wo òkè, iṣẹ́ ti yọrí. Bí ó bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹyinjú ti fúyẹ́ jù fún ìwọ̀ yẹn.

Àṣìṣe tí àwa náà ṣe

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rín la fi ara wa rín. Ti àkọ́kọ́, apá ibi tí ẹnu ìwọ̀ wà la di ẹyinjú sí. Nínú igbá, ẹnu náà wo ilẹ̀ tààrà, a sì ti fi ọwọ́ ara wa sọ ọ́ di ìdákọ̀ró. Ti kejì, irun pọ̀ jù, ó jọ ìgbálẹ̀, kò sì fẹ́ rì. Ti ẹ̀kẹta, a wé òwú bo ihò, okùn kò rí ibi gbà. Ti ẹ̀kẹrin ló dára. Nítorí náà, bí àkọ́kọ́ yín bá burú, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi abẹ gé òwú rẹ̀, ìwọ̀ á tún wúlò.

Nínú gbogbo rẹ̀, irun púpọ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń ṣe ẹni bíi pé kò tíì tó. Ẹ rántí pé nínú omi, irun máa ń tú ká. Ẹja wẹ́wẹ́ tòótọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá.

Bí a ṣe ń fi í pẹja

Àwọn òyìnbó ní ọ̀pá pàtàkì àti okùn tó nípọn tí wọ́n fi ń jù ú lọ jìnnà. Kò dìgbà tí a bá ní wọn. Ọ̀pá ọparun tó gùn bíi mítà mẹ́rin, pẹ̀lú okùn nálọ́ọ̀nù tó gùn tó o, ti tó. Nínú ọkọ̀, okùn ọwọ́ lásán náà dára. Bí ẹ bá ń so ó, ẹ ta kókó tó fi àyè róbótó kékeré sílẹ̀ nínú ihò, kí ìdẹ lè máa mì fàlàlà.

Ẹ rọra sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Ẹ jẹ́ kó rì dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sókè ní ìwọ̀n apá kan, kí ẹ dẹ̀ ẹ́, kó tún sọ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ìgbà tó ń sọ̀ gan-an ni ẹja sábà máa ń gbé e, nítorí náà ojú okùn ni kí ẹ máa wò. Bí okùn bá dúró lójijì tàbí tó yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé ọ̀pá sókè.

A kò sọ pé kò lè há láéláé o. Ó lè bọ́ sáàárín òkúta méjì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agbára fà á. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ dẹ okùn, ẹ yí lọ sí apá kejì, kí ẹ mì í díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òjé yóò jábọ́ sẹ́yìn, ìwọ̀ á sì yọ.

Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Lọ́sàn-án gangan, ẹja máa ń wá òjìji àti ibú. Nígbà tí òjò bá sì sọ odò di ẹrẹ̀, ẹ fi ìdẹ yìí sílé, nítorí pé ojú ni ẹja fi ń rí i.

Ẹja tó ń jẹ ẹ́, àti èyí tí kò ní wò ó

Ẹ má tan ara yín jẹ, kì í ṣe gbogbo ẹja ló wà fún. Epìyà, ewédò àti àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú omi ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Àrọ̀, òórùn àti irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, òru ló sì fẹ́ràn. Ẹni tó ń wá àrọ̀, kó máa lo ekòló rẹ̀ lọ.

Ẹja tó ń fi ojú dọdẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ la ń bá wí. Nínú odò wa, brochet africain wà, tó máa ń lúgọ sínú koríko omi. Èyí tí orí rẹ̀ jọ ti ejò náà wà, tó máa ń yọ imú sókè láti mí. Capitaine náà, ẹja ló ń jẹ. Fún èyí tó ní eyín mímú, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kúkúrú sáàárín okùn àti ìdẹ, kó má baà gé okùn yín.

Ọ̀rọ̀ méjì tó kù

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ òjé, tí wọ́n ń pè ní plomb. Májèlé ni. Ẹ má fi eyín fún un pa, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1987 ni wọ́n ti fòfin de èyí tó pọ̀ jù nínú òjé kéékèèké tí àwọn apẹja ń lò, nítorí pé àwọn ẹyẹ odò ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Bí ẹ bá lè rí ẹ̀wọ̀n irin lò, òun ló sàn jù.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹja wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja jọ láti fi ṣe ìdẹ. Ọmọ ẹja tí a kó lónìí, òun ni ẹja ńlá tí a ò ní rí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹyọ ìdẹ onírun kan, tí a bá dì í dáadáa, lè mú ẹja púpọ̀ kó tó gbó. Kò ń jẹun, kì í rà, àpò lásán ló ń gbé.

Ìyẹn ni pé ẹja tó wà lábẹ́ kùkùté kò kọjá agbára wa mọ́. Ẹyinjú ní òdìkejì ẹnu ìwọ̀: bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Irun lè jẹ́ irunkírun, òwú lè jẹ́ òwúkówùú. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́ kan, kí ẹ di mẹ́ta, kí ẹ dán wọn wò nínú igbá, kí ẹ sì lọ síbi kùkùté tó ti jẹ ìwọ̀ yín jù. Odò á gbè yín o.